Fáírọ́ọ̀sì Tó Lúgọ sínú Ìran Sẹ́ẹ̀lì Ọ̀bọ: Ohun tí Sẹ́ẹ̀lì Raji ti Ìbàdàn Fi Yé Wa

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ìdí tó fi ṣòro láti sin sẹ́ẹ̀lì adáàbòbò ara ọ̀bọ nínú ìgò láìsin fáírọ́ọ̀sì mọ́ ọn. Ìran sẹ́ẹ̀lì ni a ó máa pe àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a mú láti ara ohun abẹ̀mí, tí a ń bọ́ nínú ìgò, tí wọ́n sì ń pín sí méjì-méjì láìdáwọ́ dúró. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá mú un kúrò lára, kì í pẹ́ kú.

Ìbàdàn ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù lọ ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ènìyàn ni. Ní ọdún 1963, R. J. V. Pulvertaft mú sẹ́ẹ̀lì láti ara jẹjẹrẹ Burkitt tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin Nàìjíríà kan, ọmọ ọdún 11. Ìran sẹ́ẹ̀lì Raji nìyẹn. Títí di òní ni wọ́n ń sìn ín káàkiri àgbáyé. Ní 1964, Epstein, Achong àti Barr kéde fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú sẹ́ẹ̀lì irú jẹjẹrẹ yìí kan náà, èyí tó wá láti Uganda. Ṣùgbọ́n wọn kò rí i nínú Raji, wọ́n sì kà á sí èyí tó mọ́. Ní 1970 ni Harald zur Hausen àti akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé DNA fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr wà nínú rẹ̀. Ṣe ni ó lúgọ: kò bímọ, kò sì pa ilé tó wọ̀. Òkúta inú ìrẹsì Ọ̀fàdà ṣeé ṣà kí a tó gbé e kaná. Irú èyí kò ṣeé ṣà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọ̀bọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ọ̀bọ ló ní ìbátan Epstein-Barr tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí ara wọn sì dá ṣáṣá, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì adáàbòbò mìíràn ń ṣọ́ ọ. Nínú ìgò, kò sí ẹ̀ṣọ́ mọ́. Fáírọ́ọ̀sì yóò máa ti sẹ́ẹ̀lì láti pín, olùwádìí yóò sì rò pé sẹ́ẹ̀lì òun ló lágbára. Kódà ti ènìyàn lè ṣe é: B95-8, ìran sẹ́ẹ̀lì tí George Miller àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sìn láti inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ kékeré ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1972, Epstein-Barr ló ń mú un dàgbà. Fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ni wọ́n ka DNA rẹ̀ tán ní 1984.

Òmíràn wà tó jẹ́ pé pípa ló ń pa sẹ́ẹ̀lì. Ní 1954, Enders àti Peebles rí i tí sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọ̀bọ kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí ọṣẹ tó ń hó. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe ọ̀bọ fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan tí a mọ̀.

Èyí ni mo fi gbà pé àlàyé tí a ń ṣe ní kíláàsì, pé fáírọ́ọ̀sì a wọlé, a pọ̀ sí i, a sì bẹ́ sẹ́ẹ̀lì, kò tó. Yàrá ìwádìí tó mọ iṣẹ́ a máa yẹ DNA wò kí ó tó gba ìran sẹ́ẹ̀lì kan gbọ́. Àwọn mìíràn a sì máa sin ọ̀bọ lọ́tọ̀ láti kékeré kí ó má baà kó o. Lílé e jáde lẹ́yìn tó ti wọlé ni ìṣòro, nítorí pé bí a bá dá iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì dúró nínú irú ìran sẹ́ẹ̀lì bíi B95-8, pípín sẹ́ẹ̀lì náà lè dúró pẹ̀lú rẹ̀.