Adágún Ọ̀yán àti Ẹja Inú Rẹ̀

Ní ọjà Ifọ̀ àti ní àwọn ọjà tí ó wà ní agbègbè Ìbógun, Mówé àti Ìbàfo, ẹja kì í wọ́n lórí àtẹ. Òmíràn ṣì ń jà nínú abọ́ omi. Òmíràn ti gbẹ lórí ààrò, a ti ká ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu, èéfín sì ti sọ awọ rẹ̀ di dúdú. Ẹni tí ó ń ra ẹja kì í sábà bèèrè odò tí ó ti wá. Bí ọbẹ̀ bá ti dùn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ẹja kì í rọ̀ láti ojú ọ̀run bí òjò. Ó ní omi tí a ti bí i, ó ní iye ìgbà tí ó fi ń dàgbà, ó sì ní àwọn ọ̀tá tí ó lè pa irú rẹ̀ run. Ọ̀kan nínú àwọn omi tí a ti ń pẹja ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni adágún Ọ̀yán. Omi yìí kì í ṣe èyí tí a bá nílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó dá a. Nítorí náà, ọwọ́ ènìyàn ni ìyè àti ikú ẹja inú rẹ̀ wà.

Odò Ògùn ṣàn láti òkè ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó la ilẹ̀ tí ó wà láàrin Ifọ̀ àti Mówé já, ó sì lọ wọ inú ọ̀sà ní Èkó. Odò Ọ̀yán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn odò tí ó ń ṣàn wọ inú Odò Ògùn, ó sì ti pàdé rẹ̀ kí ó tó dé Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1976, nígbà tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ bíbí Ìbógun-Ọláògún, ń ṣe olórí ìjọba Nàìjíríà, ìjọba fi òfin dá àwọn àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn odò ńláńlá ilẹ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn ni àjọ tí ń bójú tó agbègbè Odò Ògùn àti Odò Ọ̀ṣun. Lábẹ́ àjọ yìí ni a ti mọ odi ńlá dí Odò Ọ̀yán lọ́nà. Odi náà gùn ju 1,000 mítà lọ, ó sì ga tó 30 mítà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1983, Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i, omi tí ó sé sì bo ilẹ̀ tí ó tó 4,000 hẹ́kítà.

Kì í ṣe nítorí ẹja ni a ṣe sé odò náà. A sé e kí àwọn ará Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi mu, kí àwọn àgbẹ̀ lè rí omi bomi rin oko wọn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a sì lè fi agbára omi ṣe iná mànàmáná. Ẹja dà bí ènì tí oníṣòwò bù lé ọjà. Síbẹ̀, ènì yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó wà létí adágún náà fi ń jẹun títí di òní. Nígbà tí omi bo oko àti abúlé, àwọn kan pàdánù ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n sì ní láti tún ilé kọ́ sí ibòmíràn. Àwọn mìíràn gbọ́ pé omi ńlá ti dé, wọ́n gbé àwọ̀n wọn láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì wá tẹ̀dó sí etí rẹ̀. Báyìí ni ibi tí ó jẹ́ oko àgbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe di oko apẹja.

Ẹja tí ó pọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni epìyà, àrọ̀ àti òbòkún, ìwà wọn kò sì dọ́gba. Àwọn epìyà kan wà tí ó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n ń kó ẹyin wọn sí títí yóò fi pa; bí ewu bá dé, àwọn ọmọ a tún sáré padà wọ ẹnu òbí wọn. Ẹni tí ó bá pa irú epìyà bẹ́ẹ̀ ní àkókò náà kò pa ẹja kan ṣoṣo, agbo ilé kan ni ó parun. Àwọn epìyà mìíràn ń gbẹ́ ihò sí ìsàlẹ̀ omi níbi tí kò jìn, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ẹyin wọn. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, ó ní irun gígùn lẹ́nu, ó sì lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Ìdí nìyí tí kì í fi í tètè kú nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀ tí omi sì bo koríko etídò, ibẹ̀ ni àrọ̀ ń lọ yé sí. Òbòkún ní tirẹ̀ fẹ́ràn ihò àpáta àti abẹ́ kùkùté igi tí omi ti bò. Ẹni tí kò bá mọ ìwà wọ̀nyí lè máa pẹja, ṣùgbọ́n kò lè mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹja.

Ọ̀nà tí a ń gbà pẹja nínú adágún kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àwọn baba wa. Apẹja a dẹ àwọ̀n sínú omi ní ìrọ̀lẹ́, a sì wa ọkọ̀ padà lọ kó o kí oòrùn tó mú. Àwọn mìíràn ń ju àwọ̀n láti inú ọkọ̀. Àwọn mìíràn ń so ìwọ̀ púpọ̀ mọ́ okùn gígùn kan. Àwọn mìíràn sì ń dẹ ìgèrè sí ẹ̀bá koríko, kí ẹja lè wọlé kí ó má lè jáde. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, àwọn obìnrin ni iṣẹ́ kàn. Wọn a yan ẹja ní ńlá àti kékeré, wọn a dá owó rẹ̀, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sì tò ó sórí ààrò, nítorí pé ẹja tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ń bẹ níwájú adágún bí irú èyí, ó yẹ kí a wo èyí tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un. A parí odi Káínjì lórí Odò Ọya ní ọdún 1968, adágún rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti Ọ̀yán lọ ní ìlọ́po tí ó ju ọgbọ̀n. Ní ọdún 1970, ẹja tí a pa níbẹ̀ tó nǹkan bí 28,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn apẹja yọ̀, wọ́n rò pé ọrọ̀ tí kò lè tán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di ọdún 1978, ohun tí wọ́n ń rí kò tó 5,000 tọ́ọ̀nù mọ́. Kí ni ó fa èyí? Nígbà tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bo igbó àti oko, ewé, koríko àti igi a bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ohun tí ó rà yìí ni oúnjẹ fún àwọn ohun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, àwọn náà sì ni oúnjẹ ẹja. Nítorí náà ẹja a pọ̀ yanturu. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, oúnjẹ àkọ́kọ́ náà a dínkù, iye ẹja a sì rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja tí òkìkí ọdún àkọ́kọ́ kó jọ kì í padà sílé. Bí ẹja ti ń dínkù ni àwọ̀n ń pọ̀ sí i, bí ẹja sì ti ń kéré sí i ni wọ́n ń dín ojú àwọ̀n kù. Ó pẹ́ kí ìjọba tó rí ọ̀nà àbáyọ. Láàrin ọdún 1990 àti 1999, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tí adágún náà wà ní ilẹ̀ wọn fi òfin de àwọ̀n ńlá tí a ń wọ́ dé etídò, nítorí pé kì í yan àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé.

Ẹ̀kọ́ tí Káínjì kọ́ni kò ṣòro fún ọmọ àgbẹ̀ láti mọ̀. Bí ìyàn ti wù kí ó mú tó, àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í jẹ èbù iṣu rẹ̀ tán. Ẹja tí kò tíì yé rí ni èbù inú omi. Bí ojú àwọ̀n bá fẹ̀, ẹja kékeré yóò gba ibẹ̀ kọjá, yóò lọ dàgbà, yóò yé, nígbà náà ni ó tó tọ́ kí ó di ti ìkòkò. Bí ojú àwọ̀n bá dí, apẹja yóò kún apẹ̀rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ohun tí ì bá kún ọkọ̀ lọ́dún tí ń bọ̀ ni ó kó sínú apẹ̀rẹ̀ náà. Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tí ń da májèlé sínú omi. Nígbà kan, àwọn ẹlòmíràn a máa da Gammalin 20, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí kòkó, sínú odò kí ẹja lè léfòó. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò dára fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́, omi náà kò sì dára fún ẹni tí yóò mu ún.

Kì í ṣe òní ni Yorùbá ti ń fi òfin ṣọ́ omi. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni pẹja, ẹja ibẹ̀ sì ń wẹ̀ fàlàlà láìbẹ̀rù títí di òní. Ìjọba àpapọ̀ náà ṣe òfin ẹja odò ní ọdún 1992. Òfin yìí kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi májèlé, àdó olóró tàbí iná mànàmáná pa ẹja. Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kò lè wa ọkọ̀. Adágún tóbi, òru ṣókùnkùn, àwọn tí a yàn láti ṣọ́ ọ kò sì lè wà níbi gbogbo. Apẹja tí owó ilé-ìwé ọmọ ń dà láàmú lè wí pé, “Bí n kò bá pa á, ẹlòmíràn yóò pa á.” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, òótọ́ wà nínú rẹ̀, ìdí sì nìyí tí ẹnì kan ṣoṣo kò fi lè gba ẹja là. Ìgbà tí àwọn apẹja fúnra wọn bá péjọ, tí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan lórí ojú àwọ̀n, tí wọ́n yan ibi tí ẹja ń yé sí sọ́tọ̀ tí a kò ní í dé fún àkókò kan, tí wọ́n sì ń bá ẹni tí ó bá rú u wí, ìgbà náà ni òfin tó ní ẹsẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ó sì dára kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́ bí a ṣe ń sin ẹja nínú adágún kékeré tí a gbẹ́ sílẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní Erìwè ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ìnira má baà pọ̀ jù lórí omi Ọ̀yán.

Apẹja nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn tí ń ṣí ilẹ̀kùn odi náà di ẹ̀mí púpọ̀ mú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ní láti tú omi sílẹ̀ kí Odò Ògùn má baà gbẹ, nítorí pé ní Akútè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ni a ti ń fa omi rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ omi tí ó ń fún Èkó ní omi. Bí omi adágún bá sì fà lójijì, ìtẹ́ epìyà tí ó wà létídò a di ilẹ̀ gbígbẹ, ẹyin inú rẹ̀ a sì ṣègbé. Ní ìgbà òjò, bí omi bá kún jù, wọ́n ní láti tú u kí odi má baà wó. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2010, omi tí a tú báyìí wọ ilé àwọn ènìyàn ní Ajégúnlẹ̀ lẹ́bàá Ìkòròdú àti ní àwọn àdúgbò mìíràn, ọ̀pọ̀ sì sá fi ilé sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn omi ní láti ro ti ará ìlú ńlá tí òùngbẹ ń gbẹ, ti ẹni tí ó kọ́lé sí ìsàlẹ̀ odò, àti ti ẹja tí kò lè sọ̀rọ̀.

Ewu kan tún wà tí ó ń bá apẹja fúnra rẹ̀ jà. Omi tí ó dúró sójú kan a máa bí ìgbín wẹ́wẹ́, nínú ìgbín wọ̀nyí sì ni kòkòrò àrùn tí a ń pè ní àtọ̀sí ajá ń gbé. Ó ń gba awọ ara wọlé lára ẹni tí ó wà nínú omi, títí onítọ̀hún yóò fi máa tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn oníṣègùn àti àwọn olùwádìí ti rí àrùn yìí lára àwọn ọmọdé ní àwọn abúlé etí adágún Ọ̀yán. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lò ó tí ó sì tún padà sínú omi náà lè tún kó o. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tí ènìyàn ń ṣe sínú omi ni ó ń gbé àrùn náà padà fún ìgbín. Bí a bá gbẹ́ ṣáláńgá, tí gbogbo ènìyàn sì ń lò ó, a já okùn náà láàrin.

Láti tútù ni a ti ń ká ẹja. Bí ó bá gbẹ tán, kò ṣeé ká mọ́. Bí ọ̀rọ̀ adágún Ọ̀yán ti rí nìyí. Títí di ìsinsìnyí, ẹja ṣì wà nínú rẹ̀, àwọ̀n sì ń mú un. Àkókò tí ẹja ṣì wà ni ó yẹ láti ṣe òfin, láti pa òfin mọ́, àti láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìwà ẹja. Àwọn tí ó sé odò náà ti ṣe tiwọn. Bí ẹja yóò bá wà nínú rẹ̀ fún àwọn tí a kò tíì bí, ọwọ́ àwọn tí ń jẹ nínú rẹ̀ lónìí ni ó kù sí.