Ọmọlanke Alákàrà

Ẹni tí yóò ṣe ọmọlanke fún alákàrà, ojú ọ̀nà ni kí ó kọ́kọ́ wò kí ó tó gé irin. Ìbàdàn kò tẹ́jú. Ìlú olókè ni. Bí ilẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ nínú mítà 1, tí táyà ọ̀tún àti ti òsì sì fi mítà 1 jìnnà síra, ọ̀kan yóò fi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Ibẹ̀ ni òróró gbígbóná inú agbada yóò ṣàn sí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ ni ọmọ tí ó wá ra àkàrà dúró sí.

Ohun tí àwa ń fẹ́ ni kí ẹsẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan jẹ́ páìpù méjì tí ọ̀kan wọ inú èkejì, kí a lu ihò sí wọn ní sẹ̀ǹtímítà 2 síra, kí ọ̀pá irin sì gba inú ihò náà dè wọ́n. Bí alákàrà bá fi ihò 5 fa ẹsẹ̀ apá ìsàlẹ̀ gùn kí ó tó dáná, tí ó sì fi òkúta há táyà, agbada rẹ̀ tẹ́jú.

Kò sí èyí tí àwọn ajórin wa kò lè ṣe nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n ni ó kù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ yín jáde, kí wọ́n wọn ọ̀nà iwájú ilé ìwé, kí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ fún ajórin àdúgbò.