Ìpáàrà kì í pariwo: Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ páìpù epo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ páìpù irin tó ń gbé epo lábẹ́ ilẹ̀ rí. Gbogbo wa la mọ àwọn olè tó ń lu páìpù, ṣùgbọ́n ọ̀tá kan wà tí kì í gbé òòlù dání. Ìpáàrà ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti gbógun tì í. Kí wọ́n tó ri páìpù mọ́lẹ̀, wọn a ti fi ohun tí omi kò lè wọ̀ bò ó. Ṣùgbọ́n ibi tí ìbòrí náà bá ti bó, ibẹ̀ ni ilẹ̀ tútù yóò ti máa jẹ irin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi wáyà so páìpù mọ́ síǹkì tàbí magnesium tí wọ́n rì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí ni yóò máa jẹrà dípò irin. Humphry Davy, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti lo ọgbọ́n yìí lára ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1824.

Inú páìpù àti táńkì náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Bí omi ṣe ń sùn sísàlẹ̀ epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì, bẹ́ẹ̀ ló ń sùn sísàlẹ̀ táńkì, tí yóò sì máa jẹ irin ìsàlẹ̀ rẹ̀. Dandan ni kí wọ́n máa fà á jáde.

Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, ọdún 2000, páìpù gáàsì kan bẹ́ lẹ́bàá odò Pecos nítòsí Carlsbad, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Èèyàn 12, tí gbogbo wọn jẹ́ ẹbí kan náà, tí wọ́n pàgọ́ síbẹ̀ ló bá iná náà lọ. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé ìpáàrà ti jẹ inú páìpù náà títí tó fi fẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Páìpù epo gba Atlas Cove l'Ékòó lọ sí Mosimi, Ìbàdàn àti Ìlọrin, ó sì gba inú oko kọjá. Ẹni tó bá rí òpó kékeré tó ní wáyà lójú ọ̀nà páìpù, kó má ṣe gé e tà. Ara wáyà yẹn ni òṣìṣẹ́ fi ń wọn iná tó ń dáàbò bo páìpù. Bí òórùn epo bá sì ń jáde látinú odò tàbí ilẹ̀, ẹ má ṣáná síbẹ̀. Ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì ké sí baálẹ̀ àti ọlọ́pàá kíákíá.

Ojú kì í rí iṣẹ́ wọn, àfi ọjọ́ tí wọn kò bá ṣe é.