Omi Tó Mọ́ Gaara Lè Má Mọ́ Tán

Nínú oòrùn Àbẹ̀rẹ̀ yìí, ọbẹ̀dò kì í pẹ́ bo adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Àwọn kan ń da copper sulphate, oògùn aláwọ̀ búlúù tí a fi bàbà ṣe, sí i. Ó ń dènà ọbẹ̀dò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tètè pa kòkòrò àrùn bíi kiloríìnì. Kí àwọn ọmọ tó wọ omi, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti wọn kiloríìnì rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹnì kan ní kí á da oògùn yìí sínú táńkì àlùwàlá mọ́ṣáláṣí wa. Mo kọ̀: a ń fi omi náà yọ ẹnu, ọmọdé sì ń mu ún. Mílígíráàmù bàbà 2 nínú lítà omi kan ni òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àpọ̀jù rẹ̀ lè fa inú rírun àti èébì. Ẹ fọ táńkì, kí ẹ sì dé e dáadáa. Láìsí ìmọ́lẹ̀, ọbẹ̀dò kò lè hù.