Kí A Tó Fi Ọ̀bẹ Kàn Án

Àrùn kan wà tí ojú ń ti ènìyàn láti dárúkọ, tóbẹ́ẹ̀ tí ọkọ fi ń pa á mọ́ fún aya rẹ̀. Nítorí pé ìtìjú yìí ń pa ọ̀pọ̀ lára, a rò pé ó tọ́ kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí oówo lẹ́bàá ihò ìdí. Nígbà tí oówo náà bá tú, tí ọyún sì jáde, ara a tu aláìsàn. Ṣùgbọ́n ojú egbò kò jiná, ó ń ṣomi, ó sì ń ba aṣọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ a pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, wọn a sì máa mu àgbo. Jẹ̀díjẹ̀dí kọ́. Ihò tóóró kan ni ó ti là láti inú ìdí wá sí òde ara. Fistula ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà: ní ọdún 1686 ni Charles-François Félix fi ọ̀bẹ la ti Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé.

Iṣẹ́ abẹ ni a sábà fi ń wo ó sàn, ṣùgbọ́n ihò náà dà bí ti òkété. Ọdẹ tí ó gbẹ́ ẹnu kan, tí kò dí àwọn ìyókù, ọwọ́ òfo ni yóò bá wálé. Bí a bá fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ níbi tí ọyún farapamọ́ sí, àrùn yóò padà. Bí a bá sì gé jù nínú iṣan tí ń pa ẹnu ìdí dé, aláìsàn lè má lè dá ìgbọ̀nsẹ̀ dúró mọ́.

Nítorí náà ni a ṣe ń ya àwòrán rẹ̀ ṣáájú. Láyé àtijọ́, a ń rọ oògùn sínú ihò náà, a sì ń fi X-ray wò ó. Ṣùgbọ́n èyí kì í fi iṣan hàn. Lóde òní, ẹ̀rọ kan wà tí ń fi ìró ya àwòrán; èkejì ni MRI, tí ń lo agbára òòfà ńlá. Aláìsàn kàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀ ni. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kì í dunni. Kí ẹni tí irin wà nínú ara rẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún wọn.

Ní ọdún 2002, àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn St Mark's ní London, tí a dá sílẹ̀ ní 1835 nítorí irú àrùn wọ̀nyí, ròyìn aláìsàn 71 tí àrùn náà ti padà sí lára. Níbi tí oníṣẹ́ abẹ ti ń tẹ̀lé ohun tí àwòrán MRI fihàn nígbà gbogbo, 16 nínú 100 ni ó tún padà sí lára; níbi tí kò ti tẹ̀lé e rárá, 57 ni.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó nílò MRI. Èyí tí kò jìn, tí kò sì yà sí ẹ̀ka, oníṣẹ́ abẹ tí ó mọ iṣẹ́ lè fi ìka àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tọ ipa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti padà lẹ́ẹ̀kan rí, tàbí tí ojú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ẹ má ṣe tijú láti béèrè pé, "Dókítà, ǹjẹ́ a ti rí ibi tí ọ̀nà rẹ̀ gbà?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi. Ara tí Ọlọ́run fún wa kò ní ibì kankan tí kò yẹ ní ìtọ́jú.