Ínfátà kò bàjẹ́, mítà ló ṣìrò: Bí ọpọlọ inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò iná ṣe ń ṣiṣẹ́

Àríyànjiyàn ńlá ló bẹ́ sílẹ̀ lójúde wa ní ọjọ́ Sátidé kan. Bàbá aládùúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ló ra ínfátà. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ iná tó wá bá wọn so ó mọ́ ilé yọ mítà rẹ̀, ó fi kan ojú iná, ló bá mi orí.

"Bàbá, ẹ má bínú o, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì. Fólítì 180 péré ló ń gbé jáde. 230 ló yẹ kó jẹ́."

Inú bí Bàbá. Wọ́n ní lọ́jọ́ náà gan-an làwọn máa gbé e padà fún ẹni tó tà á. Oníṣẹ́ iná kejì, tó dàgbà ju ti àkọ́kọ́ lọ, ló ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó yọ mítà tirẹ̀, ó fi kan ojú iná kan náà, ó sì ka 230. Ínfátà kan ṣoṣo, mítà méjì, iye méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú méjèèjì?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí a tó dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú mítà kí nọ́ńbà tó jáde sójú rẹ̀. Láyé àtijọ́, mítà kò ní ọpọlọ kankan, abẹ́rẹ́ ló ní. Èyí tó lókìkí jù, Avometer, ni Donald Macadie, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe jáde ní ọdún 1923. Iná tó bá wọlé ló ń ti abẹ́rẹ́, ẹni tó mú un dání ló ń fi ojú ara rẹ̀ kà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Andrew Kay ní California gbé mítà onínọ́ńbà jáde. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1971, iléeṣẹ́ Intel gbé microprocessor 4004 sí ọjà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ẹ̀rọ ìṣirò àwọn ará Japan. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí irú ọpọlọ kékeré bẹ́ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ọpọlọ yìí kò mọ iná rárá, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ iná di nọ́ńbà fún un. Iná tó bá gba ojú wáyà mítà wọlé yóò kọ́kọ́ kọjá lára ohun tó ń dín agbára rẹ̀ kù, kí 230 má baà jó gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ mítà ń gbà wọ̀n ọ́n dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé korobá sábẹ́ ẹ̀rọ omi fún àkókò kan pàtó, tó wá jẹ́ kí omi náà máa gba ojú ihò kan tó mọ bó ṣe tóbi tó jáde, tó ń ka iye ìgbà tí yóò fi tán. Bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni kíkà yóò ṣe gùn tó. Iye tó kà yẹn ni nọ́ńbà.

Ọgbọ́n wà nínú àkókò tí wọ́n fi ń pọn omi náà o. Iná ìjọba tiwa ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àkókò náà bá jẹ́ ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá, tàbí ìlọ́po rẹ̀, ariwo tí iná ilé ń dá sílẹ̀ nínú wáyà yóò pa ara rẹ̀ rẹ́.

Ọpọlọ ló ń darí gbogbo èyí. Òun ló ń sọ pé kí wọ́n ṣí korobá, kí wọ́n tì í. Bí omi bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, yóò pàṣẹ pé kí wọ́n tún dín iná kù sí i, yóò sì tún un wọ̀n. Lẹ́yìn èyí, yóò fi iye náà wé àtúnṣe tí iléeṣẹ́ tó ṣe é ti kọ sínú ìrántí rẹ̀, yóò fi àmì sí ààyè rẹ̀, kó tó gbé e sójú.

Ó wá ku ẹjọ́ Bàbá. Iná ìjọba ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ìgbì òkun. Ti ínfátà olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè fò sókè sí 325 lẹ́ẹ̀kan náà, kó dúró níbẹ̀ díẹ̀, kó já bọ́ sí òfo, kó tún fò lọ sí òdìkejì. Ká ní ìdajì àkókò ló fi ń dúró lókè. Mítà olówó kékeré yóò wá àárín rẹ̀, ìyẹn 162.5, yóò sọ ọ́ di ìlọ́po 1.11 nítorí ó ti gbà pé ìgbì ni gbogbo iná. 180 nìyẹn. Mítà àgbà oníṣẹ́ iná kò gbà bẹ́ẹ̀ láìwádìí. Yóò sọ iye kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, yóò wá àárín wọn, yóò sì wá gbòǹgbò rẹ̀. 325 lọ́nà 325, pín in sí méjì, gbòǹgbò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 230. Iye yìí ló bá ooru tí iná ń mú jáde nínú áyọ̀ọ̀nù mu. Wọ́n máa ń kọ "True RMS" sára irú mítà bẹ́ẹ̀.

Èmi ò ní sọ pé kí gbogbo ènìyàn lọ ra olówó gọbọi. Mítà ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò níṣòro lórí iná ìjọba. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni bátìrì inú mítà fúnra rẹ̀. Bó bá ń kú lọ, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iná nínú ọ̀pọ̀ mítà olówó kékeré yóò sún kì. Ó dà bíi kóńgò tí wọ́n tẹ̀ nídìí: ìrẹsì kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iye kóńgò pọ̀ sí i. Bátìrì mọ́tò tó ti rẹ̀ yóò wá dà bí èyí tó yá gágá. Bí bátìrì mítà bá sì kú pátápátá, tàbí tí wáyà rẹ̀ já nínú, kò ní fi nǹkan kan hàn lórí wáyà tó gbé iná. Ẹni tó gbà pé kò síná lè gbá a mú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ dán mítà wò níbi tí iná wà dájúdájú, kí wọ́n tó yẹ wáyà tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn wò, tí wọ́n á sì tún padà síbi àkọ́kọ́ lọ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bàbá kò gbé ínfátà padà mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ àgbà oníṣẹ́ iná pé kó fi ibi tí òun ti ra mítà tirẹ̀ han òun.