Ẹlẹ́rù Kò Gbé E: Bí Àpótí Àlejò Ṣe Ń Ti Pápákọ̀ Òfurufú Dé Yàrá Òtẹ́ẹ̀lì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́rù ní í gbé e kí á tó bá a gbé e. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n dorí òwe yìí kodò fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Orlando ni ìlú náà. Nígbà náà, àlejò tí ó bá ń lọ sí àwọn òtẹ́ẹ̀lì Disney níbẹ̀ lè fi àpótí rẹ̀ lé ilé iṣẹ́ bàálù lọ́wọ́ ní Chicago tàbí New York ní òwúrọ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní Orlando ní ọ̀sán, kí ó máa ju apá lọ sí ìdí bọ́ọ̀sì láìyà sí ibi tí ẹrù ti ń yí bí òòyì lójú àwọn èrò tí oorun ń kùn, kí ó sì bá àpótí náà nínú yàrá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ní ìdúró ṣánṣán lẹ́bàá ògiri, bí ẹni pé iwin ni ó rù ú wá. Disney's Magical Express ni orúkọ ètò náà, idán sì ni wọ́n fẹ́ kí àlejò pè é.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe idán rárá. Ọwọ́ ènìyàn ni, ọwọ́ púpọ̀, ọ̀kan ń gbà á lọ́wọ́ èkejì.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò yìí. Bí àlejò bá ti san owó yàrá, tí ó sì ti sọ ọjọ́ àti bàálù tí yóò bá wá, wọn a fi pélébé àmì aláwọ̀ ìyeyè ránṣẹ́ sí i nílé, ẹyọ kan fún àpótí kan, òun alára ni yóò sì so ó mọ́ ọwọ́ àpótí kí ó tó jáde nílé. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ṣe òdodo sí àwọn àgbà, ẹlẹ́rù náà ṣì fi ọwọ́ kan ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó parí iṣẹ́ nìyẹn. Ní Orlando, àwọn òṣìṣẹ́ a máa ṣa ẹrù aláwọ̀ ìyeyè kúrò láàárín èyí tó kù, wọn a pín wọn ní òtẹ́ẹ̀lì-òtẹ́ẹ̀lì, wọn a dì wọ́n sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ a sì gba ojú ọ̀nà tí ó tó bí ogún máìlì lọ, nígbà tí àlejò alára ti wà nínú bọ́ọ̀sì mìíràn, tí ń wo àwòrán. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí èyí, ó kéré tán lójú ìwé. Ẹni tí bàálù rẹ̀ bá balẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ nìkan ni wọ́n ń sọ fún pé kí ó fúnra rẹ̀ gbé ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti òkè òkun wá, bí ọmọ Èkó tí ó gba Atlanta lọ, kò lè ṣàì kọ́kọ́ gba ẹrù rẹ̀ ní ibi tí ó ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí aṣọ́bodè tó rí i, kí ó tún tó dá a padà fún ilé iṣẹ́ bàálù. Idán kì í ré aṣọ́bodè kọjá.

Ó yẹ kí á mú àmì tí ilé iṣẹ́ bàálù ń lẹ̀ mọ́ àpótí lọ́wọ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí púpọ̀ nínú wa a máa fà á ya dànù láìkà á. Lẹ́tà 3 gàdàgbà ni yóò kọ́kọ́ kọ lu ni lójú, àwọn ni orúkọ ibi tí ẹrù ń lọ: LOS ni Èkó, ABV ni Àbújá, MCO sì ni Orlando. Ẹni tí ó bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé níbo ni M àti C ti wọ inú orúkọ Orlando kò jẹ̀bi. Ibùdó ọmọ ogun òfurufú ni pápákọ̀ náà nígbà kan rí, wọ́n sì fi sọrí ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ McCoy, ẹni tí bàálù ogun já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní ọdún 1957; àwọn ọmọ ogun ti kó lọ tipẹ́, orúkọ òkú kò bá wọn lọ. Lábẹ́ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ni ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ ń kà wà, àti òǹkà 10 tí ojú ènìyàn lè kà: mẹ́ta nínú wọn ń sọ ilé iṣẹ́ bàálù tí ó gba ẹrù náà, bí 006 ti jẹ́ ti Delta, mẹ́fà ìkẹyìn sì jẹ́ ti àpótí yẹn nìkan lọ́jọ́ yẹn. Oríkì àpótí ni mo ń pè é: ó ń ki ilé tí ó ti jáde, ó ń ki ibi tí ó ń rè, ó sì ń ki ẹni tí ó gbé e dání.

Ọgbọ́n náà ti ju ọjọ́ orí bàálù lọ. Ní ọdún 1882, nígbà tí reluwé ni ọba ọ̀nà, John Michael Lyons, ará Moncton ní ilẹ̀ Kánádà, gba ìwé ẹ̀rí ìjọba lórí tíkẹ́ẹ̀tì ẹrù tí ó ṣeé fà ya sí méjì, tí apá kan ń bá ẹrù lọ, tí apá kejì ń wà lọ́wọ́ ẹlẹ́rù. Ohun tí a ń ṣe títí di òní nìyẹn.

Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì kò ní ọrùn tí yóò fi ru nǹkan. Aláàárù ni ó ń rù ú, agbẹ́rù-ẹlẹ́rù-má-tú-u-wò, ìtàn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì jẹ́ ìtàn àwọn ènìyàn aláwọ̀ dúdú ju bí ọ̀pọ̀ àlejò Disney ti mọ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé wọn parí tí àwọn ẹrú sì gba òmìnira, ilé iṣẹ́ Pullman, tí ó ni àwọn ọkọ̀ reluwé tí èrò ń sùn nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn ẹrú àná yìí àti àwọn ọmọ wọn ṣe pọ́tà; àwọn ni ó ń gbé àpótí, tí ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ń nu bàtà lóru. Èrò ọkọ̀ a máa pe gbogbo wọn ní “George”, nítorí pé George ni orúkọ Pullman tí ó ni ilé iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti í fi orúkọ olówó ẹrú pe ẹrú. Yorùbá tí ó mọ̀ pé orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni kò ní í béèrè ìdí tí èyí fi ń dùn wọ́n wọ egungun. Wọ́n rán wọn níṣẹ́ ẹrú, wọ́n fi tọmọ jẹ́ ẹ. Owó oṣù kéré, owó ọ̀yàyà tí èrò ń fún wọn ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà, síbẹ̀ nínú owó náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rán ọmọ nílé ìwé gíga. Ní ọdún 1925 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní New York, tí wọ́n fi A. Philip Randolph ṣe olórí, ọkùnrin tí kò ṣe pọ́tà rí ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ; ọdún 1937 ni ilé iṣẹ́ náà tó fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú wọn. Florida ni wọ́n ti bí Randolph, ní ọdún 1889, ní Crescent City, ní àríwá Orlando níbi tí àpótí aláwọ̀ ìyeyè wá rìn bí ọmọ ọba. Ní ibùdókọ̀ reluwé, Red Cap ni wọ́n ń pe agbẹ́rù nítorí fìlà pupa orí rẹ̀. Nígbà tí bàálù gba ipò reluwé, orúkọ náà di Skycap, ó sì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ títí di òní.

Níbo wá ni ẹrù ti ń sọnù? Kì í sábà jẹ́ lójú òfurufú, nítorí àpótí tí wọ́n ti tì mọ́ inú bàálù kò ní ibi tí yóò yà sí. Ibi tí ọwọ́ ti ń fún ọwọ́ ni ewu wà: ẹni tí ó fún ni rò pé òun ti fi jíṣẹ́, ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á kò tí ì rí i, àpótí dá dúró láàárín méjì bí ọmọ òrukàn. Ìdí nìyí tí IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ bàálù àgbáyé, fi ṣe òfin tí wọ́n pè ní 753, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2018, pé kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ṣe àkọsílẹ̀ ẹrù níbi mẹ́rin: nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ èrò, nígbà tí wọ́n gbé e wọ bàálù, nígbà tí wọ́n fi lé bàálù mìíràn lọ́wọ́, àti nígbà tí wọ́n dá a padà fún ẹlẹ́rù. Kí òǹkàwé kíyè sí èyí tó gbẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni ìwé àwọn oníbàálù parí sí. Gbogbo ọ̀nà tó kù láti pápákọ̀ dé òtẹ́ẹ̀lì, àdéhùn àárín àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó dúró lé.

Ní òtẹ́ẹ̀lì Disney pàápàá, nígbà tí ètò náà ṣì wà, ọ̀rọ̀ kò tí ì tán. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń fi yàrá Disney lé àlejò lọ́wọ́, àpótí sì lè ti dé ṣáájú yàrá. Àwọn agbẹ́rù ẹnu ọ̀nà yóò tò ó sí iyàrá ẹrù, wọn yóò máa retí kí nọ́ńbà yàrá jáde, wọn yóò tó wá ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Wákàtí mẹ́ta lè kọjá kí àlejò tó rí ẹrù rẹ̀, nígbà mìíràn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ ọ̀nà náà fi ń kó aṣọ ìwẹ̀ ọmọ sínú àpò ìfàlọ́wọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn Disney. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù keje, bọ́ọ̀sì padà, ìgbẹ́rù kò padà. Ní oṣù kìíní ọdún 2021 wọ́n kéde pé bọ́ọ̀sì náà yóò dẹ́kun, ó sì dẹ́kun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àlejò ti ní oríṣiríṣi ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà dé òtẹ́ẹ̀lì. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ tí ọwọ́ tó pọ̀ báyìí ń ṣe tí a sì ń pè ní ọ̀fẹ́, ọjọ́ tí onílé bá jókòó ṣírò owó ni ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ẹ wo Japan. Ilé iṣẹ́ Yamato, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919, bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹrù láti ilé dé ilé ní oṣù kìíní ọdún 1976, ẹrù 11 péré ni wọ́n sì rí gbà lọ́jọ́ kìíní. Ológbò dúdú tí ó fi ẹnu gbé ọmọ rẹ̀ ni àmì wọn, n kò sì tí ì rí àmì tí ó sọ iṣẹ́ aláàárù jù bẹ́ẹ̀ lọ: eyín mú, ọmọ kò fara gbọgbẹ́. Láti 1983 ni wọ́n ti ń gbé igi ìyọ̀ lórí yìnyín ṣáájú olówó rẹ̀ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì orí òkè, lónìí sì ni ẹni tí ó bá balẹ̀ ní Narita tàbí Haneda lè fi àpótí lé wọn lọ́wọ́, kí ó bá a ní òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ kejì. Ẹlẹ́rù ni ó ń san owó rẹ̀, kedere, lójú tábìlì. Tiwọn ṣì wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìn àjò, ẹ fi oògùn yín àti aṣọ ọjọ́ kan sínú àpò tí yóò wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹrù kò bá dé, ẹ má ṣe jáde ní pápákọ̀ láìgba ìwé ẹjọ́ ẹrù. Ọjọ́ 7 ni àdéhùn Montreal fún yín láti kọ̀wé fi àpótí tí ó bàjẹ́ sùn, bí ọjọ́ 21 bá sì pé láìrí i, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí béèrè owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó sọnù. Pélébé ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìrìnnà yín ní ìdí káńtà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jù ú nù títí ẹ ó fi ṣí àpótí náà nínú yàrá.